Fọ́ọ̀kì Tuntun fún Kẹ̀kẹ́ Màámi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Inú ìwé yìí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìbẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń ka èyí, kẹ̀kẹ́ ẹnìkan wà ní ìdojúdé níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ sì ti fi gírísì ba etí ìwé náà jẹ́. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún ò yọ yín lẹ́nu jù? Ara tèmi le dáadáa. Òtútù ibí ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ti lè jáde láìwọ ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn.

Bàbá, mo ní ẹjọ́ yín wí. Lẹ́tà yín mẹ́ta tó dé gbẹ̀yìn, kò sí ọ̀rọ̀ Màámi nísàlẹ̀ wọn. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá ti parí tiyín, wọ́n á fi ìlà méjì tàbí mẹ́ta tiwọn sí i, wọ́n á bi mí bóyá mò ń jẹun, wọ́n á ní kí n má fi irun mi sílẹ̀ láìdì. Ẹ kọ ọ́ pé ọwọ́ ń kú wọn díẹ̀ bí wọ́n bá ti gun kẹ̀kẹ́ wá láti ẹ̀yìn òkè. Báwo ni díẹ̀ náà ṣe kéré tó tí wọn ò fi lè kọ orúkọ mi?

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ni mò ń rò lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ojú mi fi rí nǹkan. Ọ̀gá wa ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bó bá sọ gbólóhùn mẹ́rin lóòjọ́, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, mú fọ́ọ̀kì kan tó ti bàjẹ́, ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè olókùúta, ó fi ayùn là á sí méjì láti òkè délẹ̀ kí n lè rí inú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé fọ́ọ̀kì tí a mọ̀, irin gbọnrangandan méjì tó di táyà iwájú mú ni. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń wọnú ara rẹ̀ lọ, ó sì ń padà jáde. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹsẹ̀ kan, ọ́ìlì ló wà nínú ìkejì, ọ́ìlì náà sì ń gba ojú ihò kan kọjá tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bí táyà bá kọ lu òkúta, ẹsẹ̀ á wọlé, ọ́ìlì á sì rọra dá a dúró kó má ta padà lójijì. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú nǹkan náà, mi ò lè dìde. Mo ti fi gbogbo ayé mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe pẹ̀lú yín, mi ò mọ̀ pé ẹnìkan lè ronú kan irin débẹ̀.

Ọ̀gá ní kí n gun ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta tó wà lẹ́yìn ilé. Mo di kẹ̀kẹ́ mú, mo fi eyín de eyín bí ẹ ṣe kọ́ mi. Táyà iwájú ń fò sókè-sódò bíi pé orí rẹ̀ ti dàrú, ọwọ́ mi ò sì mọ̀ pé nǹkankan ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo dúró síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ọ̀gá sáré wá, ó rò pé mo ṣubú ni.

Oníbàárà kan ti pààrọ̀ fọ́ọ̀kì irú èyí sí ẹyọ tuntun, ó fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ọ̀gá sì fún mi. Ó bá kẹ̀kẹ́ Màámi mu. Mo tú u palẹ̀ fúnra mi, mo pààrọ̀ rọ́bà àti ọ́ìlì inú rẹ̀, mo fi afẹ́fẹ́ sí i níwọ̀n ara Màámi, mo sì ti fi ránṣẹ́. Ọrùn rẹ̀ gùn ju ti àtijọ́ lọ, ẹ máa ní láti gé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti àtijọ́ wọ̀n ọ́n, ẹ sàmì sí i, ẹ di irin mọ́ tábìlì dáadáa kí ẹ tó gbé ayùn, torí bó bá kúrú jù, ó parí nìyẹn.

Mo fi òrùka rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá dì í tán, ẹ fà á wá sísàlẹ̀. Bí Màámi bá gùn ún dé, ẹ wo ibi tí òrùka náà dé, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sí mi. Ibẹ̀ ni màá ti mọ̀ bóyá iṣẹ́ mi dára.

Ọmọ yín,
Ọlọ́wọ́-gírísì


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọlọ́wọ́-gírísì ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, ẹrù rẹ kò tíì dé. Inú wa dùn pé o wà láàyè, pé ò ń sunkún nítorí kẹ̀kẹ́. Ọmọ àwọn ẹlòmíì, nítorí ọkùnrin ni wọ́n ń sunkún, èmi kò rí irú ìyẹn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ara mi le. Orúnkún mi ń ṣe bí orúnkún ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kò sì jẹ̀bi.

O ní kí n sàmì kí n tó gé irin. O ṣeun. Ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú lò ń kọ́. O tún ní kí n di irin mọ́ tábìlì. Ṣé orí itan ni mo ti ń gé e tẹ́lẹ̀ ni?

O kúkú mọ ìdí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní Bàbá Má-Mì. Láti ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kẹ̀kẹ́ kan kò kúrò lábẹ́ páànù mi rí láìjẹ́ pé mo di bíréèkì iwájú rẹ̀ mú, kí n tì í síwá-sẹ́yìn. Bó bá mì, bó ti wù kó kéré mọ, mo tún tú u nìyẹn. Ohun tó ń mì lára kẹ̀kẹ́ ló ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Wàyí o, o kọ̀wé sí mi nípa fọ́ọ̀kì tó ń rìn wọnú ara rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Màá dì í mọ́ kẹ̀kẹ́ nítorí ìyá rẹ, kì í ṣe nítorí pé ó yé mi.

Nípa ìyá rẹ, n kò ní purọ́ fún ọ mọ́. Òkúta ọ̀nà ẹ̀yìn òkè ló ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Mọ́tò kò gba ibẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń pẹ́ jù fún aláboyún tó ti ń rọbí, kẹ̀kẹ́ nìkan ló kù fún agbẹ̀bí. Bó bá sọ̀kalẹ̀ tán báyìí, ó máa ń tó wákàtí kan kí ìka rẹ̀ tó mọ ohun tó dì mú. Nínú oṣù kìn-ín-ní, níbi tó ti ń gbẹ̀bí, sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ó bọ́ àfìgbà tó gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀. Ó dé ilé, ó jókòó, kò bọ́ bàtà. Ó ní, "Lọ́jọ́ mìíràn, ó lè jẹ́ ọmọ."

Ó ti sọ fún ọ̀gá ilé ìwòsàn pé bí ọwọ́ òun kò bá yá títí òpin oṣù kẹrin, òun máa gbé àpò iṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o kò fi rí ìkọ̀wé rẹ̀. Bírò kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí o rí bó ṣe rí. Ó ní kí n kí ọ. Ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń wo ọwọ́ mi.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìtọ́jú Màámi, ẹ sì kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ ayùn yẹn, mo ti gba ìbáwí, ẹ dárí jì mí. Àmọ́ ẹ̀yin náà jẹ̀bi. Láti oṣù kìn-ín-ní ni sísọ́ọ̀sì ti bọ́, ẹ wá ń kọ ọ́ sí mi pé díẹ̀ ni.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá. Ó bi mí pé ẹni mélòó ni Màámi ti gbẹ̀bí. Mo ní mi ò mọ iye wọn, pé ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé bí a bá jọ ń lọ lójú títì, ọkùnrin onírùngbọ̀n gbàǹgbà á bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kó lè kí wọn, Màámi á sì bi í lójú gbogbo ayé pé ṣé ìdodo rẹ̀ jinná dáadáa. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bàjẹ́ nítorí òkúta.

Bí ẹrù bá ti dé, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ibi tí òrùka rọ́bà dé. Tí mo bá jí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń rò nìyẹn. Ẹ sọ fún Màámi pé mò ń jẹun, pé mo ti di irun mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Ẹrù dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá lọ́hùn-ún. Apínlẹ́tà ló fi èjìká gbé e wá, ó sì dúró kó lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. N kò ní purọ́: fọ́ọ̀kì náà rẹwà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé mo rí irùngbọ̀n ara mi nínú rẹ̀. Mo lọ fọ ọwọ́ kí n tó tún fọwọ́ kàn án, irin kankan kò sì rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà lọ́dọ̀ mi rí. Mo wo ojú ibi tí o ti tú u tí o sì tún un dè. Kò sí ibi tí sípánà ti yọ̀ tó ha irin. Mo pe ìyá rẹ kó wá wò ó. Mo ní, ọmọ tó máa ń da nọ́ọ̀tì nù sínú iyẹ̀pẹ̀ ló ṣe èyí.

Mo wọ̀n ọ́n, mo sàmì (inú rẹ dùn nísinsìnyí), mo gé e. Ó bọ́ sínú ọrùn kẹ̀kẹ́ bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Mo di bíréèkì mú, mo tì í síwájú. Ó rì. Àyà mi já.

Mo mọ̀ pé o sọ pé ó ń wọnú ara rẹ̀. Mo rò pé díẹ̀ ni, bí ìgbà tí ènìyàn jókòó sórí tìmùtìmù. Èyí rì bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ní wọ́n ti bà á jẹ́ lójú ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń ju ẹrù ènìyàn kiri. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí mo fi rí ohun róbótó aláwọ̀ búlúù kan lórí èjìká ọ̀tún rẹ̀, tí o kò sọ nǹkankan nípa rẹ̀ nínú ojú ìwé mẹ́ta. Mo yí i. Mo tún ti kẹ̀kẹ́ síwájú, kò rì mọ́. Ó dúró gbọin. Mo ti bá ọ tún un ṣe.

Òrùka rọ́bà tí o ní kí n wọ̀n kò kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti ń gùn ún, kò rìn tó ìbú irun orí. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ọwọ́ ìyá rẹ kò sàn. Ká sọ òótọ́, ó burú sí i, nítorí fọ́ọ̀kì yìí wúwo ju ti àtijọ́ lọ, gbogbo òkúta ló sì ń dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí n má kọ ọ́ sí ọ, kí ọkàn rẹ má bà jẹ́. Ó ti bá ọ̀gá ilé ìwòsàn fi ọjọ́ sí i: ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù yìí.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbi tí ẹ ti ń ka ìwé yìí, kí ẹ lọ síbi kẹ̀kẹ́ Màámi. Ohun róbótó búlúù yẹn, ẹ yí i sí ọwọ́ òsì títí yóò fi dúró. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é ná, kí ẹ tó padà wá ka ìyókù.

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí yín.

Bàbá, fọ́ọ̀kì náà ò bàjẹ́. Ó yẹ kó rì. Ohun búlúù yẹn, ohun tí wọ́n fi ń tì í pa ni, bí ènìyàn bá ń gun ibi tó dán tí kò fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa rì lábẹ́ òun. Láti ọjọ́ tí ẹ ti yí i, irin gbọnrangandan ni Màámi tún ń gùn, tó tún wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí fọ́ọ̀kì bá ń rì, ńṣe ló máa ń ti òrùka rọ́bà yẹn gòkè; mo wá kà á pé kò kúrò lójú kan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ayùn fún ẹni tó kọ́ mi ní ayùn, mi ò sì kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa ohun tí ẹ ò rí rí. Níbí, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, mo wá gbàgbé pé èmi náà ò mọ̀ ọ́n lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀yin ṣe ohun tí ẹ máa ń ṣe. Ẹ rí ohun tó ń mì, ẹ sì dá a dúró. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí mi ò tíì kúrò nílé, èmi gan-an ni mo máa yí i.

Mo ti pe fóònù ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, torí kò sí ẹlòmíì tó ní fóònù nítòsí yín, kò wọlé. Màá fi lẹ́tà yìí sọ́wọ́ àwọn tó ní àwọn máa ń yára, àmọ́ mo mọ̀ pé ó lè má dé kí oṣù tó parí. Bó bá dé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀ yín, kí Màámi gùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ọwọ́ wọn bá ṣì kú lẹ́yìn náà, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọlọ́wọ́-gírísì,

Ìyá rẹ gbé àpò sílẹ̀ lọ́jọ́ tó dá. Ó fọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó gbá yàrá ìgbẹ̀bí, ó fi àpò kọ́ sára ìṣó tó máa ń wà. Kẹ̀kẹ́ ló gùn lọ, ẹsẹ̀ ló fi rìn padà, ó ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí i láti ọ̀ọ́kán. Mo bá ń fi afẹ́fẹ́ sí táyà tí afẹ́fẹ́ ti kún inú rẹ̀.

Ó ti di ọjọ́ kẹta tó ti ń jókòó lójú fèrèsé, tó gbé ọwọ́ lé itan, tó ń wò ó bíi pé ẹnìkan ló fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sunkún. Ìbá sunkún, ìbá dára fún mi.

Má fi irin kankan ránṣẹ́ sí mi mọ́. Mo fẹ́ bọ́ fọ́ọ̀kì yẹn kúrò, ìyá rẹ kò gbà. Ó ní ọmọ òun ló ṣe é. Inú ń bí mi sí ọ, n kò sì mọ ohun tí o ṣe. Bóyá ara mi ni mò ń bínú sí. Gbogbo kẹ̀kẹ́ àdúgbò yìí ni mo tún ṣe, ọwọ́ méjì péré tó wà nínú ilé mi, n kò rí wọn tún ṣe.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi, olùkọ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ kẹfà. O ní kí n dìde, mo dìde. Mo yí ohun búlúù náà sí òsì. Mo ti kẹ̀kẹ́ síwájú, ó rì bó ṣe rì lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ọwọ́ mi fẹ́ dá a padà. Mo fi ọwọ́ náà sápò.

Mo padà ka ìyókù lórí ìdúró. Ìtìjú mú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo lé oníbàárà kan lọ, mo ní kó padà wá lọ́la. Oṣù kan gbáko ni mo fi ọwọ́ ara mi ti ìwòsàn ìyàwó mi pa, tí mo sì kọ̀wé fi yangàn sí ọ. O gba ẹ̀bi fún ara rẹ, ọmọ dáadáa ni ọ́, àmọ́ mo mọ ibi tí ẹ̀bi wà.

N kò lè gbé e fún ìyá rẹ láìdán an wò. Mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè, èmi àti orúnkún mi. Mo gùn ún sọ̀kalẹ̀. Ọmọ, mo ti lo gbogbo ayé mi lórí kẹ̀kẹ́, mo rò pé mo mọ ohun tí ilẹ̀ lè ṣe. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí táyà tó ń jó lórí òkúta, mo wo ọwọ́ mi, ó dúró jẹ́ẹ́. Ńṣe ni ẹnu mi là, tí n kò lè pa á dé. Fọ́ọ̀kì náà ń mì kí ọwọ́ mi má bàa mì. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ń bá ohun tó ń mì jà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó lè jẹ́ pé ó ń mì nítorí mi. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo wo òrùka rọ́bà rẹ. Ó ti gòkè ní ìbú ìka mẹ́rin. Mo fi ìka kàn án bí ẹni tó ń kan ẹyin gbígbóná.

Lánàá, ìyá rẹ gùn ún. Ó ní nítorí tìrẹ nìkan ni. Mo dúró nísàlẹ̀. Mo rí i tó yọ lórí òkè. Kò yára, kò sì dúró. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò bọ́ sílẹ̀, ó kàn ń ṣí ìka rẹ̀, ó ń pa á dé. Ó wá ní kí n ká kọ́là ẹ̀wù mi sílẹ̀, ó ti yí sókè. Ó nawọ́, ó fi ìka méjì de bọ́tìnnì ọrùn mi, ó sì wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwa méjèèjì dúró sójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Kò wọlé wá jẹun. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó ní òun ń lọ wò ó bóyá àpò òun ṣì wà lára ìṣó.

N kò ní lẹ lẹ́tà yìí pa. Ó ní kí n fi ìsàlẹ̀ ìwé sílẹ̀ fún òun. Ó sì ti ń pè mí ní Bàbá Jẹ́-Ó-Mì. Bí o bá padà wálé, o kò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá

Ọmọ mi, èmi nìyí. Wo bí ìkọ̀wé mi ṣe wọ́, má rẹ́rìn-ín, èmi ni mo kọ ọ́. Ṣé ò ń jẹun lóòótọ́? Bàbá rẹ ní o ti ń di irun rẹ, n kò gbà á gbọ́.

Àpò mi wà lára ìṣó. Lánàá mo lọ sẹ́yìn òkè. Ọmọbìnrin ni. Nígbà tí mo gbé e, ó gbóná, ara rẹ̀ ń yọ̀, ó ń fi gìgísẹ̀ gbá mi ní àtẹ́lẹwọ́. Ó ti pẹ́ tí ojú mi nìkan ti ń sọ fún mi pé ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Lánàá, ọwọ́ mi ló sọ ọ́.